Eyín Àwẹ̀ró Onídìrí

Àwọn obìnrin ìlú wa a máa wí pé, "Eyín kì í ṣe irun tí à ń tú dì." Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín. Ta ni ò mọ̀ pé eyín kì í ṣe irun? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹnì kan wà tí kò mọ̀, ojú rẹ̀ sì rí màbo kó tó mọ̀.

Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, onídìrí ni. Irun olówùú ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, eyín kan lápá ọ̀tún ló sì fi ń já òwú. Kò fẹ́ràn àlùmọ́gàjí. Ó ní òun ò ní ọwọ́ kẹta tóun máa fi mú un. Ohun kan ló fi ń yangàn: bí ẹyọ kan bá tú lórí oníbàárà, kì í tún ẹyọ yẹn nìkan ṣe. Gbogbo orí ni yóò tú, tí yóò tún un dì látìbẹ̀rẹ̀. "Àbùlẹ̀ ò sí níṣẹ́ tèmi," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Kòkòrò wá jẹ eyín tó fi ń já òwú yìí. Dókítà Mosúnmọ́lá, tó ń tọ́jú eyín ní ọsibítù, bá a dí ihò rẹ̀. Nígbà tó yá, etí ohun tí wọ́n fi dí i sán díẹ̀. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi tuntun dí i. Wọ́n ṣe é. Ó tún sán, wọ́n tún ṣe é.

Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, dókítà wo ẹnu rẹ̀ títí, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, etí ibì kan ṣoṣo ló sán. Ẹ jẹ́ n lẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tá a bá ń yọ ọ́ là ń gbẹ́ díẹ̀ lára eyín pẹ̀lú. Èyí tó kù yìí ò nípọn ju èèpo ẹyin lọ."

"Ẹ fẹ́ lẹ eyín mi bíi táyà kẹ̀kẹ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí kí eyín yín má lọ là, Màmá."

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fi ahọ́n kan eyín náà wò. Bó bá bọ́ ńkọ́? Kí ni yóò fi máa já òwú? Ẹ̀rù yìí gan-an ló tì í ṣìnà, torí ó gbà pé àbùlẹ̀ ni yóò já òun kulẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín mìíràn lọ, ẹni tí kì í bi ènìyàn léèrè púpọ̀.

"Ẹ yọ gbogbo ohun tí wọ́n fi dí i, kẹ́ ẹ fi tuntun dí i," Àwẹ̀ró wí fún un.

Ọkùnrin náà ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́. Kò pẹ́, Àwẹ̀ró gbọ́ "kà" nínú ẹnu ara rẹ̀. Eyín ti là dé gbòǹgbò.

Ó fi ìborùn bo ẹnu, ó sáré padà sọ́dọ̀ Dókítà Mosúnmọ́lá tẹkúntẹkún.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́. Mo ti gbà."

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Kò bínú, àánú ló ṣe é.

"Kí ni mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ báyìí, Màmá? Irun tẹ́ ẹ bá tú ṣì wà lórí, ẹ ó tún un dì. Èyí tá a bá gbẹ́ lára eyín, ó lọ nìyẹn."

Ọjọ́ náà ló bá a yọ eyín ọ̀hún.

Nígbà tí Àwẹ̀ró padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ki òwú sẹ́nu láti já a. Òwú yọ̀ gba àlàfo kọjá. Ó tún un kì, ó tún yọ̀. Oníbàárà tó jókòó síwájú rẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní kí ló dé.

"Ọmọ mi," Àwẹ̀ró dáhùn, "bí eyín tìrẹ bá sán díẹ̀, jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Eyín kì í ṣe irun tí à ń tú dì."