Àáró Tí Ìjàpá Bá Ekòló Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o.

Àlọ̀.

Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀, kò ní ọkọ́, síbẹ̀ ó ń ro ilẹ̀ fún ẹni tó ní gbogbo rẹ̀. Ta ni?

Ekòló ni.

Ó dáa, ẹ ò tíì sùn. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó kọsẹ̀ lára Ìjàpá ọkọ Yánnibo, ó sì wọ inú ilẹ̀ tọ Ekòló lọ.

Oko Ìjàpá le bí àpáta. Bí ewé bá ti bọ́, á gbá a jọ, á dáná sun ún, á ní oko òun mọ́. Irú yín náà nìyẹn. Ẹ ó sun ewé ìdí máńgòrò mi tán, ẹ ó tún máa bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀fọ́ ń pọ́n.

Iṣu tó wà kò tó àtàǹpàkò. Yánnibo wò ó, kò pariwo. Ó ní bí tọdún tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, ilé bàbá òun kò jìnnà.

Ìjàpá bá lọ bẹ Ekòló pé kí àwọn jọ ṣe àáró: kí Ekòló kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ lóko òun, òun náà á wá ṣe tirẹ̀. Ẹ sì mọ òfin àáró: ẹni tó ni oko ló ń bọ́ ẹni tó wá bá a ṣiṣẹ́. Ekòló kó gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wá.

Ìjàpá wo ìkòkò, ó wo èrò, ó dé ìkòkò padà. Ó kó èèpo iṣu àti ewé jíjẹrà, ó dà á síwájú àlejò.

"Ẹ má bínú o," ó ní, "ohun tí àwa náà ń jẹ nìyí."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Ekòló wí. "Ó dùn."

Ìjàpá wọlé lọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò pẹ́, ilẹ̀ dúdú, ó rọ̀, iṣu ta tó itan ènìyàn. Yánnibo tú ẹrù tó ti dì.

Ó wá kan Ìjàpá. Ó rò pé ẹni tó ń sọ ilẹ̀ dọlọ́ràá kò ní ṣàìgúnyán. Láti àná ló ti febi pa ara rẹ̀, ó sì gbé àwo tó tóbi jù nílé dání. Ekòló gbé oúnjẹ kalẹ̀: èèpo, ewé jíjẹrà, àti òkú eku kan.

"Kí lèyí?"

"Ohun tí ẹ ní ẹ̀ ń jẹ nílé ni, Bàbá. Eku yẹn, mo fi dá yín lọ́lá ni."

Ìjàpá ní òun kì í jẹ ìdọ̀tí.

"Ṣé èyí tí ẹ fún wa kì í ṣe oúnjẹ ni?"

Ìjàpá dìde. Ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ, kò ro ebè kan. Ekòló kò bá a jà. Ó kàn pe àwọn ará ilé rẹ̀ kúrò lóko Ìjàpá ni. Kí òjò tó tún rọ̀, ilẹ̀ ti le padà. Yánnibo di ẹrù, kò sì tú u mọ́.

Ìjàpá sáré dé ẹnu ihò Ekòló, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ti ṣetán láti san àáró.

"Ẹ má kánjú, Bàbá," ni Ekòló wí. "Ẹ ṣì ń bọ̀ wá sùn lọ́dọ̀ wa nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ má gbé àwo wá. Ẹ̀yin gan-an ni oúnjẹ."

Ìdí nìyí tí Ìjàpá kò fi ní oko, tó jẹ́ oko olóko la ti ń bá a. Ìdí nìyí tí ekòló kì í fi í bá ènìyàn jà, bí a tilẹ̀ fi ọkọ́ gé e sí méjì. Ó mọ̀ pé àáró tí gbogbo wa jẹ, a ó san án. Ẹ yéé sun ewé mi.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá parọ́, kí ilẹ̀ tí mo fẹsẹ̀ lù yìí má dáhùn. Kì, kì, kì.

Ẹ gbọ́ ọ. Ó dáhùn.