Ọ̀pá Ìwọ̀ Tí Àwẹ̀ró Yàn
Nígbà tí ọkọ Àwẹ̀ró kú, Baálẹ̀ fẹ́ gba ojú odò tí obìnrin náà ti ń pẹja. Ó sọ fún un pé, “Fi ọ̀pá ìwọ̀ kan ṣoṣo pa ẹja epìyà kékeré àti àrọ̀ ńlá lónìí. Bí ọ̀pá náà bá ṣẹ́, kó ẹrù rẹ.” Opó náà yan ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ekòló pa epìyà méjì. Ó gbé ọ̀kan fún Baálẹ̀, ó so ìwọ̀ ńlá, ó fi èkejì ṣe ìdẹ. Àrọ̀ gbé e mì, ọparun tẹ̀ kan omi, ni Àwẹ̀ró bá jù ú sódò. Ẹja náà wọ́ ọparun kiri títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Opó wọdò, ó fa ọparun àti ẹja wá sí bèbè. Baálẹ̀ jágbe mọ́ ọn: “O ju ọ̀pá sílẹ̀!” Opó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ ní kó má ṣẹ́ ni.” Baálẹ̀ yẹ ọparun wò, kò sán níbì kankan. Ó ní, “Máa pẹja rẹ.”