Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Ìjàpá àti Ẹ̀dọ̀ Ẹfọ̀n

Àlọ́ o!

Ẹ dáhùn kó dún, àbí ẹ kò tíì jẹun? Àlọ́ o! Ẹ̀hẹ́n, ó dára. Ìbíwùmí, ká ẹsẹ̀ rẹ kò kí wọ́n má baà tẹ̀ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ là ń bọ̀ wá sọ. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò balẹ̀ sórí ọba, kò balẹ̀ sórí ìjòyè. Orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló balẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wú ìka náà, kó fetí sí ohun tó wọ ẹnu kí ìka tó wú.

Láyé ọjọ́un, gbogbo ẹranko ló ń jẹran, títí kan Ẹtu tó ń jẹ ewé lónìí. Wọ́n jọ máa ń ṣọdẹ, Kìnnìún ọba sì fi Ìjàpá ṣe apínran. Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó gbà á nímọ̀ràn. Lọ́dún kan, wọ́n pa ẹfọ̀n ńlá kan. Àṣà wọn ni pé ohun inú ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ, torí kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹran tó kù yóò wà lórí ààrò, wọn yóò máa yan án, ó di ọjọ́ keje kí wọ́n tó pín in.

Bí Ìjàpá ti rí ẹ̀dọ̀, ọkàn àti iwe, ìyẹn kíndìnrín, itọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó wúkọ́.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀dọ̀ ẹfọ̀n, tàbí ọkàn rẹ̀, tàbí iwe rẹ̀, ojo ló ń dà."

Ìkookò fò sẹ́yìn. "Èmi? Ojo? Gbé e kúrò níwájú mi!"

"Ìwọ ńkọ́?" Kìnnìún bi Ìjàpá.

"Kábíyèsí, èmi ti ń ṣojo láti ilé ìyá mi wá. Kí ló tún kù lára mi tó fẹ́ bàjẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò kì í yó. Ìjàpá tún ń wo ìpín Ẹtu. Ẹtu ti dàgbà, ẹsẹ̀ a sì máa dùn ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, débi pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ń bá a gba ẹran.

"Kábíyèsí," Ìjàpá ní, "èyí kò dára. Ẹni tó bá fẹ́ jẹran, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró níwájú ààrò. Ìpín ẹni tí kò bá lè dúró, kó di ti apínran."

Oorun ti ń kun Kìnnìún. Ó ní kó rí bẹ́ẹ̀.

"Ìjàpá," Ẹtu ní, "ohun tó ń ṣe mí lè ṣe ẹnikẹ́ni."

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo ní, Baba. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, mẹ́ta ń bẹ."

"Mélòó ni tèmi?"

Ìjàpá kẹ́yìn sí i. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó di ilé. Láàárọ̀, ẹ̀dọ̀. Lọ́sàn-án, iwe. Lálẹ́, ọkàn. Ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló sì fi ń sìn ín, agbè lórí agbè. Yánníbo gbé omi fún un, ó kọ̀.

"Omi? Kó lọ gba àyè ẹ̀dọ̀ mọ́ mi nínú?"

"Baálé mi, ẹ rọra o."

"Jẹ́ kí n jayé mi jàre."

Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó dá a lójú gbangba pé lọ́jọ́ keje òun yóò gba ìpín òun, òun yóò sì gba ti Ẹtu lé e.

Àárọ̀ ọjọ́ keje, àkùkọ kò tíì kọ tí igbe fi ta nínú ilé. "Yéè! Mo ti tẹ oògùn!"

Yánníbo sáré wò ó. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wú, ó pọ́n bí ẹyìn, ó ń dán, ó sì gbóná. Ó fi etí ìró rẹ̀ bò ó.

"Gbé e kúrò! Òkúta lo gbé lé mi!"

"Aṣọ lásán ni, Baálé mi."

Nílùú wọn, bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé wú, oògùn ni gbogbo ayé máa ń sọ pé onítọ̀hún tẹ̀. Ta sì ni Ìjàpá rí fi ẹ̀sùn kàn bí kò ṣe Ẹtu? "Ẹ pè é wá kó wá ká ohun tó gbé sọ́nà fún mi!"

Ẹtu dé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìka náà, kò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé o ṣubú?"

"Rárá."

"Ẹ̀gún ńkọ́? Ọgbẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ṣé gbogbo ara rẹ ló gbóná, tí òtútù sì ń mú ọ?"

"Ìka yìí nìkan ni, Baba! Mo sùn, kò sí nǹkan kan. Mo jí, iná!"

"Kí lo jẹ láti ọjọ́ mẹ́fà yìí?"

"Ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ lásán."

"Odidi ẹ̀dọ̀ ẹfọ̀n," Yánníbo ní, "iwe méjèèjì, ọkàn, àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí n kò lè kà."

Ẹtu bú sẹ́rìn-ín. "Ìjàpá, kò sẹ́ni tó gbé oògùn sọ́nà fún ọ. Ẹnu ara rẹ lo fi pè é wá. Ó jọ èyí tó ń ṣe mí: a máa dé lójijì, oríkèé kan ṣoṣo, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sì ló fẹ́ràn jù. Ká ní gbogbo ara rẹ ń gbóná ni, n kì bá jókòó sọ̀rọ̀. À bá gbé ọ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kíákíá, torí ó lè jẹ́ pé oríkèé ọ̀hún ti ń gbọyún. Síbẹ̀ náà, jẹ́ kí oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò, ojú kì í rí inú oríkèé. Gbé ẹsẹ̀ sókè, mu omi, fi ọtí àti ẹ̀dọ̀ sílẹ̀, kí o sì sinmi."

"Sinmi? Òní kọ́ la ń pín ẹran ni?"

Ìjàpá fi àyà wọ́ bọ́ sọ́nà. Ó ń wọ́, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ yà fún mi lọ́nà o,
*Rọra tẹ̀ ẹ́!*
Kò gún, kò gé, kò jóná,
*Rọra tẹ̀ ẹ́!*
Ewé bà mí, mo ké o,
*Rọra tẹ̀ ẹ́!*
Ẹran mi ń bẹ lórí ààrò,
*Rọra tẹ̀ ẹ́!*

Ìgbà tó dé ibẹ̀, gbogbo ẹranko ti pé. Kìnnìún wò ó níbi tó nà gbalaja sí.

"Apínran, dìde dúró."

Ìjàpá gbìyànjú. Ìka kan ilẹ̀, ó ké, ó tún fi àyà lélẹ̀.

"Ta ló ní kí olúkúlùkù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró?"

 Ọgbọ́n kan sọ sí Ìjàpá lọ́kàn. "Kábíyèsí, òfin lòfin. N kò lè dúró, nítorí náà kí ìpín mi di ti apínran. Èmi sì ni apínran."

Ìkookò pàtẹ́wọ́. Kìnnìún rín ẹ̀rín músẹ́. "Ẹni tí kò lè dúró kò lè pín ẹran. Ẹtu, gba ọ̀bẹ."

Ẹtu gba ọ̀bẹ, ó pín ẹran dọ́gbadọ́gba. Ìpín Ìjàpá di ti Ẹtu, apínran tuntun. Lẹ́yìn náà ló pe Yánníbo: "Ìyàwó, ìwọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ dúró. Wá gba tìrẹ." Yánníbo kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé ẹran rẹ̀ rù, ó kọjá níwájú ọkọ rẹ̀. Ojú ti Ìjàpá ju bí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún lọ.

Nígbà tó ṣe, ìka náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá fi ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbẹ́sẹ̀, tó sì jẹ́ pé bí ewé lásán bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀, kíá ló ń fà á wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin náà, bí oríkèé àgbàlagbà kan nílé yín bá ṣàdédé wú, tó pọ́n, tó gbóná, ẹ má wá ọ̀tá lọ sójú ọ̀nà. Ẹ bi í léèrè ohun tó jẹ àti ohun tó mu, kí ẹ sì mú un lọ kí oníṣègùn wò ó. Gáòtì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ lóde òní.

Ibi tí àlọ́ mi wọlẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá parọ́ mọ́ Ìjàpá, kí ẹsẹ̀ mi kọ̀, kó má gbé mi ńlẹ̀. Ó yá, ẹ wò mí: mo ti dìde.