Ta Ló Sọ fún Télọ̀?

Ọkùnrin káfíńtà kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ àti ti télọ̀ kan jọ kọjú sí títì kan náà. Lọ́jọ́ kan, télọ̀ wó iwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó sì mọ ògiri tuntun sẹ́yìn. Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ ò tó ló tún ń gé e kù.

Kò pẹ́ tí àwọn tó fẹ́ fẹ títì fi dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Wọ́n kọjá lára ìsọ̀ télọ̀. Ti káfíńtà ni wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí pé àwọn máa wó.

Ìsọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wó dun káfíńtà, ṣùgbọ́n ti télọ̀ tó dúró dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sọ kiri pé télọ̀ lẹ́nìkan ní kánsù. Ó tilẹ̀ di iṣu lọ kí àna alága kánsù ní kùtùkùtù, kó lè mọ orúkọ ẹni náà. Àna alága gba iṣu, kò mọ nǹkan kan.

Ló bá gba kánsù lọ, ó bi obìnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ pé ta ló sọ fún télọ̀.

Obìnrin náà ní kò sẹ́ni tó sọ fún un. Télọ̀ kọ lẹ́tà, ó dárúkọ títì, ó ní òun fẹ́ rí àwòrán bí wọ́n ṣe máa fẹ̀ ẹ́. Wọn ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, torí ẹnikẹ́ni ló lè béèrè, òfin sì ní kí wọ́n dá a lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Káfíńtà ní kó fi lẹ́tà télọ̀ han òun.

Obìnrin náà wò ó. Ó ní, "Bàbá, àwòrán tó fi ibi tí wọ́n máa wó dé hàn ṣì wà níbí. Àtìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé, ọ̀rọ̀ télọ̀ lẹ̀ ń béèrè. Ẹ ò tíì béèrè ti ìsọ̀ yín."

Káfíńtà fi ìbínú jáde. Ó ní òun ti wá mọ̀ ọ́n wàyí: obìnrin yẹn gan-an lẹni tí télọ̀ ní ní kánsù. Nígbà tí katapílà dé, gbogbo pákó rẹ̀ ṣì wà nínú ìsọ̀.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ọ̀nà ilé ẹlòmíràn kọ́ ni wọ́n ní ká máa béèrè. Ìwọ náà, látàárọ̀ tí o ti jókòó tì mí, àdúgbò kejì tí kánsù gbẹ́ kànga fún ni kò kúrò lẹ́nu rẹ, pé wọ́n mọ èèyàn níbẹ̀. Bírò rèé, ìwé rèé. Kọ ọ́ sí kánsù pé o fẹ́ rí ìwé iṣẹ́ omi ti àdúgbò tìrẹ, kí o sì dárúkọ ọdún tí o fẹ́ rí ìwé rẹ̀. Bí mo bá rí orúkọ àdúgbò kejì yẹn nínú lẹ́tà rẹ, màá fà á ya.