Láńwò àti Òkè Kẹfà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ, ṣùgbọ́n etí Láńwò kò gbà á. Òkè mẹ́fà ni wọ́n ń rí láti ìlú rẹ̀, ó sì ti gun márùn-ún nínú wọn. Láti ìgbà náà ni kò ti dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ mọ́.

"Ṣé èmi ni n ó fi àyà lélẹ̀ fún ẹni tí kò gun ohun tó ju ebè iṣu lọ rí?" Ó ní bí òun bá gun ìkẹfà tán, ọba gan-an ni yóò máa kí òun.

Ìbíyẹmí, ìyàwó rẹ̀, ní bí kò bá kí bàbá òun, òun ń kó ẹrù òun lọ nìyẹn. Síbẹ̀, ó tẹ̀ lé e lọ wo òpin ọ̀rọ̀.

Wọ́n rápálá dé ṣóńṣó òkè kẹfà. Láńwò na apá méjèèjì, ó lọgun: "Ẹ̀yin ará ayé, kò sẹ́ni tó ga jù mí lọ!"

"Ta ló ń pariwo nísàlẹ̀ yẹn?" ni ohùn kan dáhùn látòkè. "Ọmọ ń sùn o!"

Láńwò gbójú sókè. Òkè lórí òkè ló wà lẹ́yìn ìkẹfà, títí wọnú ìkùukùu. Ìyá arúgbó kan tó ń sá èlùbọ́ lórí àpáta ń wò wọ́n tàánú-tàánú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará àfonífojì. Ṣé ẹ ṣìnà ni?"

Láńwò wo òkè, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

Ẹ̀rín ti gbé Ìbíyẹmí jókòó sílẹ̀. "Ẹ dìde, ọkọ mi," ló wí, "ẹ jẹ́ kí ìdọ̀bálẹ̀ yìí ṣẹ́kù fún bàbá mi."