Ẹbọ Àga Tí Morẹ́nikéjì Rú

Ẹni tí ń dúró de ẹni tí ń dúró dè é,
Oòrùn ni yóò pa àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a sọ fún Morẹ́nikéjì Abọ́lárìn, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Òkè-Àsà, ní ọjọ́ tí ó ń fi ẹkún ṣògbérè ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ.

Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Aláàbò Ọmọ, àwọn obìnrin tí kì í gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ wọn. Wọ́n mọ gbogbo ilé. Wọ́n mọ abúlé tí ọmọ tuntun wà, wọ́n sì mọ ọkọ tí yóò ní òun kò fẹ́ abẹ́rẹ́. Ohun tí wọn kò ní ni oògùn àjẹsára, inú fíríìjì kánsù ni ìyẹn wà. Kánsù ní fíríìjì, ó ní nọ́ọ̀sì, kò sì mọ ọ̀nà abúlé kankan. Ọmọ ọdún mẹ́fà á ní kí àwọn méjèèjì ṣáà para pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọ̀gá níbì kankan.

Ní Òkè-Àsà, ẹni ńlá kì í tètè dé ibi ìpàdé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, ọmọ iṣẹ́ ni. Àṣẹ sì wà pé wọn kò gbọdọ̀ ṣí kúlà oògùn títí àga iwájú yóò fi kún. Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, ọ̀gá ètò ìlera ní kánsù, jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú, ó ń dúró kí Morẹ́nikéjì wọlé. Morẹ́nikéjì náà (ẹ má jẹ́ kí n purọ́ torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀) jókòó sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní òdìkejì títì, ó ń yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. "Ṣé ó ti dé?" ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. "Kò tíì dé." Láti aago mẹ́jọ títí di aago kan ọ̀sán. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣí kúlà nígbẹ̀yìn, yìnyín ti di omi tí ènìyàn lè fi ṣanwọ́. Oògùn ti bàjẹ́.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ gbé ọmọ wọn pọ̀n, wọ́n padà sóko. Ọ̀dọ́bìnrin kan lára wọn, Ṣítù, yà wá kí Morẹ́nikéjì. "Ẹ ṣeun, Ìyá. A ó tún padà wá." Kò bínú. Ìdúpẹ́ yẹn ló gún Morẹ́nikéjì ju èébú lọ.

Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, ìròyìn dé pé àìsàn èéyi ti wọ abúlé tó wà ní òdìkejì odò, ó sì ń pa ọmọdé. Oògùn tó kù ní kánsù kò ju ti ọjọ́ kan lọ.

Morẹ́nikéjì gbéra, ó di yunifásítì, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbídùn Àlàdé. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti máa wádìí bí àwọn aṣáájú ìjọba àti ti ẹgbẹ́ aláàánú ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé ayé ti dé ibi tí wọ́n fi ń sanwó fún ọ̀mọ̀wé kó lọ wádìí ìdí tí àgbàlagbà méjì kò fi lè jókòó sórí bẹ́ńṣì kan. Ọdún mẹ́rin ló fi rìn ká ìlú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Ìyá, ta ló ń kọ́kọ́ dé ibi ìpàdé yín?"

"Àwọn ọlọ́mọ ni."

"Nínú ẹ̀yin aṣáájú ńkọ́?"

Morẹ́nikéjì wolẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀ ń bú mi."

"N kò bú yín, mà. Bí mo ṣe bi wọ́n káàkiri nìyẹn. Gbogbo ibi tí iṣẹ́ ti yọrí, mo bá aṣáájú kan níbẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, tó bá wọn to bẹ́ńṣì, tó sì jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ ẹlòmíràn ṣáájú tirẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo tún àkọsílẹ̀ mi kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹbọ ni kí ẹ rú."

"Ewúrẹ́ ni, àbí àgùntàn?"

"Àga yín ni. Orúkọ yín. Àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn."

"Ewúrẹ́ ni ì bá tù mí lára."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo mọ̀. Ọmọ ta ni ẹ ń rò?"

"Ọmọ Ṣítù. Ìgè ni, ẹsẹ̀ ló fi wáyé. Mo bá ikú jà lórí rẹ̀ kó tó lè ké. N kò ní jẹ́ kí àga pa á."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ Ajíbóyè náà láago, ó ní kó tètè dé, kó bá wọn to bẹ́ńṣì. Ajíbóyè rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ̀yin oníwèé! Bí ọ̀gá bá ń to bẹ́ńṣì, kí ni ẹni tó ń to bẹ́ńṣì yóò wá máa ṣe?"

Morẹ́nikéjì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì Ajíbóyè.

"Ọ̀gá, orúkọ kánsù nìkan ni kí wọ́n kọ sára aṣọ ìkéde."

Ajíbóyè la ojú. "Tẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

"Àwa mọ orúkọ ara wa."

"Àga àárín?"

"Tiyín ni. Kí nọ́ọ̀sì ṣáà ṣí kúlà ní aago méje. Ọ̀rọ̀ yín la ó fi kádìí rẹ̀; ẹni ńlá ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn."

Ó fọwọ́ síwèé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá kánsù náà sílẹ̀, bíírò kò tíì yá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bínú. "Ẹ ti tà wá, Ìyá!"

"Mo tà yín," ni Morẹ́nikéjì wí, "mo fi ra abẹ́rẹ́."

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ náà, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni Morẹ́nikéjì dé. Ó gbálẹ̀, ó to bẹ́ńṣì, ó jókòó láàárín àwọn ọlọ́mọ. Bí nọ́ọ̀sì ti ń gún àwọn ọmọ, òun ló ń gbé wọn mọ́ra. Ìgè ọmọ Ṣítù ta á nípàá, ó bú sẹ́kún, ó sùn lọ. Kí aago méjìlá tó lù, igba ọmọ ó lé mẹ́rìnlá ti gba abẹ́rẹ́.

Bísọ́lá, ọmọ Ajíbóyè, wà lára àwọn tó wá. Láti ìlú ọkọ rẹ̀ ló ti gbé àkọ́bí rẹ̀, tí Ajíbóyè kò tíì fojú rí, wá. Ó wo àga àárín tó ṣófo. "Ṣé bàbá mi ò tíì dé ni?" Ó dúró títí awakọ̀ tó gbé e wá fi fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì lọ. Inú ọkọ̀, nínú atẹ́gùn tútù, ni bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń retí kí wọ́n wá sọ pé èrò ti pé.

Aago kan ni Ajíbóyè wọlé pẹ̀lú agbádá àti ọ̀rọ̀ olójú ìwé mẹ́fà. Bẹ́ńṣì ló bá, àti nọ́ọ̀sì tó ń fọwọ́. Wọ́n ní ó ka ojú ìwé kìíní, kí ìwé má bàa ṣòfò. Ìgbà náà ni Morẹ́nikéjì sọ fún un ẹni tó wá, tó sì ti lọ.

Ó rọra jókòó. "Ọmọ náà sunkún?"

"Díẹ̀. Mo gbé e mọ́ra."

"Ta ló jọ?"

"Ẹ̀yin ló jọ, Ọ̀gá. Ó ti fajú ro kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Ajíbóyè fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Morẹ́nikéjì bu omi tútù fún un.

Nígbà tí oṣù yí, èéyi sọdá odò. Ó wọ Òkè-Àsà, ó kanlẹ̀kùn kiri, kò rí ọmọ kan mú lọ.

Ẹni tí a ní kó fi àga rúbọ rú u, ọmọ sì ń sáré ní gbogbo agbolé tó bá yà sí. Ẹni tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín gba àga, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ń bi ẹlòmíràn bí ọmọ ọmọ rẹ̀ ti rí.