Ìdí Tí Okùn Béèsì Fi Ń Wọ Ẹ̀wù

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo okùn gìtá ṣì wà ní ìhòòhò, Àkókó ni gbẹ́nàgbẹ́nà inú igbó. Ẹnu rẹ̀ ni ó fi ń gbẹ́ igi, ẹnu náà ni ó sì fi ń fọ́nnu. Ẹ má bi mí bí wáyà ṣe dé inú igbó láyé ìgbà náà. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi kò bi ẹni tó sọ ọ́ fún un.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Òjòlá wọ́ wá sí ìsọ̀ Àkókó. Àkókó yára fò sórí ẹ̀ka tó ga díẹ̀, nítorí ẹni tó ń gbé ewúrẹ́ mì lódidi, a kì í jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá wa," ni ó wí.

Òjòlá kò ní etí. Ẹnu ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀ ni ó máa ń wò tí yóò fi mọ ohun tí onítọ̀hún ń wí. Ṣùgbọ́n orin kò ṣeé wò lẹ́nu. Bí àwọn ẹranko yòókù bá ń jó, ó máa ń rò pé ìjàlọ ló bọ́ sí wọn lára ni.

"Àkókó, ọmọ mi," ni Òjòlá wí, "ẹyin mi ti pa. Ọmọ mọ́kànlélógún! Ọ̀túnla ni a ó sọ wọ́n lórúkọ. Ṣùgbọ́n wọn kò ní etí, bí èmi ìyá wọn. Orúkọ tí ọmọ kò gbọ́, báwo ni yóò ṣe jẹ́ ẹ? Ó ń dùn mí gan-an. Jọ̀ọ́, ṣe gìtá kan tí àwọn ọmọ mi yóò lè gbọ́."

Àkókó na ìyẹ́ méjèèjì. "Ìyẹn nìkan? Bí mi ò bá ṣe é, kí n má fẹnu kan igi mọ́ láyé mi!"

Àṣìṣe rẹ̀ rèé: ó rò pé ariwo ni oògùn ẹni tí kò gbọ́ràn. Nígbà tó gbẹ́ gìtá tán, ó lọ yan okùn. Wáyà Tẹ́ẹ́rẹ́ fò síwájú, ó ń dán yinrinyinrin.

"Èmi ni kí o mú!" ni ó wí. "Bí mo bá han, wọ́n á gbọ́ mi ní ìlú kejì."

Wáyà Rọ̀bọ̀tọ̀ wà lẹ́yìn. Ó sanra, ó dúdú, aṣọ ni Ewúrẹ́ máa ń sá sí i lára. Àkókó kò tilẹ̀ wo ibi tó wà.

Ó so Tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ gìtá, ó fi ẹnu ta á. Kíííín! Ajá hu. Adìyẹ yé ẹyin ọ̀la lónìí. Ọ̀bọ já bọ́ láti orí igi. Gbogbo ẹranko di etí wọn, àfi Òjòlá tó rọra ká jọ, tó ń wo ẹnu Àkókó.

"Ọmọ mi," ni ó bi í, "ìgbà wo ni o fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Ojú ti Àkókó. Ó rántí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́, ó sì fò lọ sórí igi ìrókò kan kí ó lè dágbére fún igi. Ó ń sunkún, ó ń sọ igi. Kò, kò, kò.

Òjòlá àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti padà sí ilé wọn ní ìdí ìrókò náà. Lójijì, Òjòlá gbé orí sókè. "Ta ló ń kanlẹ̀kùn ikùn mi?"

Àkókó sọ̀ kalẹ̀. "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ ọ ni?"

"N kò gbọ́ ọ. Ó wọ inú mi ni."

"Áà!" ni Àkókó kígbe. "Ohùn tó ń rìn nílẹ̀ là ń wá, mo lọ mú èyí tó ń fò lókè!"

Ó sáré lọ bá Rọ̀bọ̀tọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ gbà mí."

"Ìwọ tí o fojú fò mí dá láàárọ̀?" ni Rọ̀bọ̀tọ̀ wí, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e. Òjòlá àti àwọn ọmọ rẹ̀ padà wá sí ìsọ̀ nígbà tí Àkókó so ó mọ́ gìtá. Àkókó ta á. Gbanran! Ohùn náà wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tutù, ó sì le bí ọmọrí ìkòkò tó já bọ́. Àwọn ọmọ ejò sá sẹ́yìn ìyá wọn.

Tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín láti ibi tí wọ́n sọ ọ́ sí. "Alásáṣọ, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ!"

"Ìwọ tí o mú kí gbogbo ìlú di etí ńkọ́?" ni Rọ̀bọ̀tọ̀ dá a lóhùn.

Bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà wọ́ wá, ó fi ikùn lé ara gìtá, ó ń dúró. Tẹ́ẹ́rẹ́ rí i, àánú sì ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ìhòòhò tí ẹ wà ló jẹ́ kí ohùn yín tutù. Ẹ jẹ́ kí n di ẹ̀wù yín."

"Bí o bá dì mọ́ mi, o kò ní lè han mọ́ o."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí o tẹ́ pẹrẹsẹ. Mi ò fẹ́ ẹ̀wù tí yóò máa họ mí lára."

Tẹ́ẹ́rẹ́ wé mọ́ Rọ̀bọ̀tọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Àkókó ta á.

Dùùùm.

Ohùn náà rọra wọlẹ̀ lọ. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ògì àárọ̀ nínú ikùn ẹni tí ebi ń pa. Ọmọ tó kéré jù gbé orí, ó mi síhìn-ín, ó mi sọ́hùn-ún. Èkejì mì. Kò pẹ́, gbogbo mọ́kànlélógún ń mì.

"Ẹ wò ó!" ni Òjòlá ké, inú rẹ̀ dùn dé ìrù. "Àwọn ọmọ mi ń jó!"

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, orúkọ kan, dùùm kan, títí orúkọ fi tán.

Láti ọjọ́ náà ni okùn béèsì, èyí tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ jù lára gìtá, ti ń wọ ẹ̀wù wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ ohùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fi máa ń fọwọ́ pa okùn lára kó tó rà á, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀wù rẹ̀ tẹ́. Láti ọjọ́ náà sì ni ohùn béèsì kì í ti í dúró sí etí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ gbọ́wọ́ lé àyà yín. Ibi tó ti ń mì yẹn, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Òjòlá ti gbọ́ orúkọ wọn.